Bàbá mi dé ọsibítù lálẹ́ Sátidé. Ṣé ọjọ́ ló pa wọ́n ni, àbí àkókò?

ỌmọÌkọ̀lé (Sọ́ńdè, 8:52 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará Èkìtì kete. Ọ̀rọ̀ mi á gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á, ó ti ń jẹ mí nínú láti bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún sẹ́yìn.

Bàbá mi ló kú. Ọmọ ọdún 67 ni wọ́n, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, BP ti ń bá wọn fínra tipẹ́, wọ́n á lo oògùn lónìí wọ́n á gbàgbé rẹ̀ lọ́la. Sátidé ni, a jọ lọ sí òde ìsìnkú kan, bá a ṣe délé ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán wọ́n ní ọwọ́ ọ̀tún àwọn wúwo bí ẹni pé àwọn sùn lé e. Màmá ní oòrùn ni, kí wọ́n lọ fẹ̀yìn lélẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa jí ní aago mẹ́fà, ẹnu ti wọ́ sápá kan, a ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ mọ́. A bẹ̀rẹ̀ àdúrà, àǹtí kan ní ojúlé kejì gbé òróró wá, a fi ń ra ọwọ́ náà, ẹ̀gbọ́n mi tó ní mọ́tò wà lóko, a ń dúró dè é. Aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún la tó kúrò nílé.

Ilé ìwòsàn aládàáni kékeré kan la kọ́kọ́ yà sí nígbà tó di méje kọjá ogójì. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo la bá, dókítà wọn ti lọ bá ìdílé rẹ̀ fún wíkẹ́ẹ̀ńdì. Ó wọn BP, 220 ni lókè, ó fa dírípù sí wọn lára, ó ń pe dókítà, kò gbé fóònù. Mẹ́jọ ààbọ̀ la kúrò níbẹ̀. Mẹ́wàá ku ogún ìṣẹ́jú la dé ọsibítù ńlá. Káàdì, fáìlì, POS ò ṣiṣẹ́, ẹni tó ń gba owó ò sí lórí ìjókòó, dókítà kan ló wà ní ẹmájẹ́ńsì, òun náà sì wà lórí àwọn tí mọ́tò wọn dojú dé. Mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú ló tó fọwọ́ kan bàbá mi. Wọ́n ní rọpárọsẹ̀ ni, àfi kí wọ́n ṣe CT scan, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú orí, kí wọ́n tó mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ ló dì lọ́pọlọ ni àbí iṣan ẹ̀jẹ̀ ló bẹ́, àmọ́ ẹni tó ń lo ẹ̀rọ yẹn, ó di Mọ́ńdè. Ìdájí Mọ́ńdè náà ni bàbá mi dákẹ́. A ò rí scan ṣe.

Nígbà táwọn èèyàn ń bá wa kẹ́dùn, ẹnì kan sọ pé "ká ní Wẹ́sìdé ló ṣẹlẹ̀ ni, bàbá yín ì bá wà láyé." Ọ̀rọ̀ yẹn kì í jẹ́ kí n sùn. Ṣé òótọ́ ni pé ẹni tó bá dé ọsibítù ní wíkẹ́ẹ̀ńdì máa ń kú ju ẹni tó dé láàárín ọ̀sẹ̀ lọ? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí iṣẹ́ yìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá mi lóhùn.

Sístà_Wọ́ọ̀dù (9:20 alẹ́)

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ọmọ ìyá mi. Ọlọ́run á tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere, á tu màmá nínú.

Nọ́ọ̀sì ni mí, ọdún kẹrìnlá mi rèé nínú iṣẹ́ yìí, ẹmájẹ́ńsì ni mo ti lo púpọ̀ jù níbẹ̀. Mi ò ní purọ́ fún yín, alẹ́ Sátidé ò rí bí àárọ̀ Túsìdé. Ní àárọ̀ Túsìdé kọnsọ́táńtì wà nílẹ̀, láàbù kún fún èèyàn, fámásì ṣí, àwọn ẹlẹ́rọ scan wà ní ìjókòó. Lálẹ́ Sátidé, kọnsọ́táńtì wà nílé rẹ̀, wọ́n á pè é lórí fóònù, àwọn dókítà kékeré ló wà nílẹ̀, nígbà míì èyí tó wà níbẹ̀ ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti àárọ̀ Fúráìdé. Láàbù lè ku ẹnì kan. Látìgbà tí jápa ti kó àwọn èèyàn wa lọ ó tún wá burú sí i, ẹni tó yẹ kó wà pẹ̀lú ẹ ní ṣíìfù ti wà ní Ìlú Ọba.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ohun táwọn èèyàn ò mọ̀. Àkókò tí ẹ̀rù máa ń bà mí jù kì í ṣe aago méjì òru rárá. Aago mẹ́jọ ni, ti àárọ̀ àti ti alẹ́, nígbà tá a bá ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wa. Ẹni tó ń lọ ti rẹ̀, ẹni tó ń bọ̀ ò tíì mọ ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì wo, tí aláìsàn bá wọlé ní àsìkò yẹn tí mọ̀lẹ́bí rẹ̀ sì dákẹ́, ó lè jókòó sórí bẹ́ńṣì fún ìdajì wákàtí kí ẹnikẹ́ni tó bi í ní nǹkan. Ẹ má dákẹ́ o. Ẹ sọ̀rọ̀ sókè, ẹ ní "ọwọ́ àti ẹnu wọn ló rọ, aago báyìí ló bẹ̀rẹ̀."

Ará_Ìdó_ní_Manchester (9:58 alẹ́)

Ẹ kú ọ̀fọ̀ bàbá o. Ìdó-Èkìtì ni wọ́n bí mi sí, ọsibítù ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí, ìdí àkọsílẹ̀ àti ìṣirò aláìsàn ni mo wà. Ìbéèrè tẹ́ ẹ béèrè yìí, àwọn òyìnbó ti bá ara wọn jà lé e lórí gan-an.

Kánádà ló kọ́kọ́ pariwo. Ní 2001 àwọn dókítà méjì tẹ ìwádìí kan jáde láti Ontario, wọ́n wo àwọn tó wọ ọsibítù láti ẹmájẹ́ńsì láàárín 1988 sí 1997, ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta ààbọ̀. Nínú 100 àìsàn tó ń pààyàn jù níbẹ̀, 23 ni ikú rẹ̀ fi pọ̀ sí i fún ẹni tó wọlé ní wíkẹ́ẹ̀ńdì. Lẹ́yìn ìyẹn ni ti ibí, 2012, wọ́n wo nǹkan bíi mílíọ̀nù 14 èèyàn tó wọ ọsibítù ní England láàárín ọdún kan. Ewu ikú ẹni tó wọlé ní Sọ́ńdè fi ìdá 16 nínú 100 ju ti ẹni tó wọlé ní Wẹ́sìdé lọ, ti Sátidé jẹ́ 11. Ẹ má ṣì í gbọ́ o, kì í ṣe pé ẹni 16 nínú 100 ló ń kú. Tí ẹni 100 bá kú nínú àwọn tó wọlé ní Wẹ́sìdé, ẹni 116 ló máa kú nínú iye èèyàn kan náà tó bá wọlé ní Sọ́ńdè.

Ibi tó yà mí lẹ́nu ni pé nínú ìwádìí yẹn kan náà, àwọn tó ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì tẹ́lẹ̀ ò kú ní Sọ́ńdè ju Wẹ́sìdé lọ, kódà ikú wọn dín díẹ̀. Tó bá jẹ́ pé Sọ́ńdè fúnra rẹ̀ ló ń pààyàn, àwọn yẹn náà ì bá kú.

Mínísítà ìlera wọn nígbà yẹn, Jeremy Hunt, gba ọ̀rọ̀ yìí gbé orí ní 2015, ó ní àìsí dókítà tó pọ̀ tó ní wíkẹ́ẹ̀ńdì ló fà á, àfi kí wọ́n yí ìwé àdéhùn iṣẹ́ wọn padà. Àwọn dókítà kékeré ní irọ́ ni, wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀ ní 2016. Ìwádìí ńlá míì wá jáde ní 2021, HiSLAC ni wọ́n ń pè é, wọ́n yẹ fáìlì àwọn aláìsàn wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n rí i pé ìtọ́jú wíkẹ́ẹ̀ńdì ò burú ju ti àárín ọ̀sẹ̀. Àwọn tó ń wọlé ní wíkẹ́ẹ̀ńdì ni àìsàn wọn ti wọra ju ti àwọn yòókù lọ kí wọ́n tó kúrò nílé, bóyá nítorí pé ẹni tí àìsàn rẹ̀ ò le púpọ̀ á ní òun á dúró di Mọ́ńdè kóun fi rí dókítà àdúgbò.

Ọlọ́jà_Bísí (10:15 alẹ́)

Ẹ̀gbọ́n Manchester ẹ ṣeun, àmọ́ ti Ìlú Ọba nìyẹn, kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n ní dìpọ́síìtì lẹ́nu ọ̀nà. Níbí owó ni gbogbo ẹ̀. Àbúrò mi obìnrin, apẹ́ńdísì, ọjọ́ Wẹ́sìdé gangan tẹ́ ẹ̀ ń sọ yìí, aago mẹ́wàá àárọ̀, dókítà pọ̀ bí eṣú, wọ́n ò fọwọ́ kàn án títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ nítorí 150,000 tá a ń wá kiri. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Ẹ má sọ fún mi pé ọjọ́ ni.

ÒfinÈkìtì (10:31 alẹ́)

@Ọlọ́jà_Bísí ohun tí wọ́n ṣe fún àbúrò yín lòdì sófin. Òfin ìlera wa, National Health Act ti 2014, abala 20, sọ ọ́ kedere pé ilé ìwòsàn tàbí òṣìṣẹ́ ìlera kankan ò gbọ́dọ̀ kọ ìtọ́jú ẹmájẹ́ńsì fún ẹnikẹ́ni nítorí ohunkóhun. Ìtanràn 100,000 náírà ni, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí méjèèjì. Ti ẹni tí wọ́n yìnbọn fún tún ní òfin tirẹ̀ láti 2017, wọn ò gbọ́dọ̀ ní kó lọ gba ìwé ọlọ́pàá wá kí wọ́n tó tọ́jú rẹ̀. Ẹ dárúkọ òfin yẹn fún wọn ní káńtà, ẹ ní kí ẹni tó kọ̀ fọwọ́ sí i sínú ìwé pé òun kọ̀.

Sístà_Wọ́ọ̀dù (10:44 alẹ́)

Òótọ́ ni òfin yẹn wà, mo sì fara mọ́ ọn. Àmọ́ ẹ gbọ́ tiwa náà. Ìbọ̀wọ́, abẹ́rẹ́, ọ́síjìn, ẹnì kan ló ń rà á, tí aláìsàn bá sì sá lọ láìsanwó, ní ibòmíì wọ́n á ní kí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ṣàlàyé. Mo ti fi owó àpò mi ra cannula, ọ̀pá tín-ín-rín tá a fi ń fa dírípù, fún aláìsàn, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Ìjọba àpapọ̀ ya ìdá 5 nínú 100 owó àkànṣe ìlera wọn sọ́tọ̀ fún ẹmájẹ́ńsì àti ámbúláǹsì. Kí owó yẹn dé orí tábìlì tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyẹn.

Dírẹ́bà_Ọ̀mùò (10:50 alẹ́)

Ẹ̀yin ń sọ ọ̀rọ̀ ọsibítù, ọ̀nà ńkọ́? Láti Ọ̀mùò, kí n tó gba Ìkọ̀lé, kí n já sí Ọ̀yẹ́, Ìfàkì, kí n tó wọ Adó, tí ojú ọ̀nà bá dáa tí kò sì séwu, ó ń gba àkókò. Lálẹ́ wàyí, látìgbà tí wọ́n ti pa ọba méjì lójú ọ̀nà lágbègbè wa ní January 2024, ta ló máa gbé mọ́tò jáde lẹ́yìn aago méje? Mo ti kọ fún èèyàn rí. Ìyá kan, ó ń mí gúlegúle, ọmọ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ fún mi, aago mẹ́sàn-án alẹ́, mo ní kó jẹ́ kílẹ̀ mọ́. Ilẹ̀ mọ́, mo gbé wọn, ìyá náà kú ní Ọ̀yẹ́, nínú mọ́tò mi. Mi ò tíì sọ èyí fún ẹnikẹ́ni. Ní báyìí àwa dírẹ́bà márùn-ún la ní àdéhùn pẹ̀lú àwọn fijilanté, tí ẹ bá ní aláìsàn lóru wọ́n á sìn wá dé ìlú tó kàn, àwọn tibẹ̀ náà á gbà wá.

Ìyá_Ìbejì_Ìjerò (11:06 alẹ́)

Ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi. Òru Ọjọ́ Àjíǹde, aago méjì, mo bí ìbejì tán ni ẹ̀jẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Òru Sọ́ńdè tún ni, ọdún tún ni, gbogbo ohun tẹ́ ẹ̀ ń sọ pé ó ń pààyàn ló pé síbẹ̀. Agbẹ̀bí tó wà níbẹ̀ ò dúró de dókítà, ó ra ilé ọmọ mi kó le, ó fún mi lábẹ́rẹ́ mélòó kan, ó ní kí ọkọ mi máa sáré wá ẹlẹ́jẹ̀ kí dókítà tó dé. Mo ń gbọ́ tó ń ka aago sókè, "méjì kọjá mẹ́wàá, méjì kọjá méjìlá." Dókítà dé ní mẹ́ta ku díẹ̀, ó bá iṣẹ́ tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Àwọn ìbejì mi ti wọ prímárì báyìí.

Sístà_Wọ́ọ̀dù (11:15 alẹ́)

Ìyá ìbejì, ẹ kú oríire. Tranexamic acid, oògùn tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dá, máa wà nínú abẹ́rẹ́ wọ̀nyẹn. Mo fẹ́ràn ìtàn oògùn yẹn nítorí pé àwọn èèyàn wa wà nínú rẹ̀. Ìwádìí WOMAN tó jáde ní 2017, àwọn ìyá ọlọ́mọ tó lé ní 20,000 ni wọ́n fi ṣe é, àwọn ọsibítù Nàìjíríà sì wà lára àwọn tó kó èèyàn wọlé jù. Tí wọ́n bá fún ìyá ọlọ́mọ láàárín wákàtí mẹ́ta tí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó ń dín ikú ẹ̀jẹ̀ kù. Tó bá ti ju wákàtí mẹ́ta lọ, kò wúlò mọ́. Ti àwọn tó fara pa nínú ìjàǹbá náà ti jáde ní 2010, wákàtí mẹ́ta yẹn kan náà ni, lẹ́yìn rẹ̀ ó tiẹ̀ lè ṣèpalára. Oògùn kan náà, ẹni kan náà ló fún un, aago ló yàtọ̀.

Ará_Ìdó_ní_Manchester (11:27 alẹ́)

Ohun tí mo fẹ́ dé ibẹ̀ gan-an nìyẹn sístà. Ìwádìí míì wà níbí, 2022, wọn ò wo ọjọ́ rárá, wákàtí ni wọ́n kà, láti ìgbà tí aláìsàn ti dé ẹmájẹ́ńsì títí wọ́n fi rí bẹ́ẹ̀dì fún un ní wọ́ọ̀dù. Ó lé ní mílíọ̀nù márùn-ún èèyàn. Bó bá ti kọjá wákàtí márùn-ún ikú ń pọ̀ sí i, nínú ẹni 82 tí wọ́n bá dá dúró wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ, ẹnì kan ń kú tí kò yẹ kó kú láàárín oṣù kan. Ìlú tó ní ámbúláǹsì, tó ní iná, tí wọn kì í gba dìpọ́síìtì nìyẹn o.

Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí ikú àwọn aboyún ti pín ìdádúró sí mẹ́ta láti 1994: èyí tó ń ṣẹlẹ̀ nílé kẹ́ ẹ tó pinnu pé ẹ̀ ń lọ, èyí tó wà lójú ọ̀nà, àti èyí tó wà nínú ọsibítù kí ẹnì kan tó fọwọ́ kàn yín. @ỌmọÌkọ̀lé ẹ bá wa ka ti bàbá.

ỌmọÌkọ̀lé (11:49 alẹ́)

Mo ti kà á. Ìwé ni mo fi ṣe é, mo tún un kà lẹ́ẹ̀mẹta.

Láti aago mẹ́ta ọ̀sán tí ọwọ́ ti wúwo títí di méje kọjá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tá a jáde nílé, wákàtí mẹ́rin àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ojú ọ̀nà, pẹ̀lú ilé ìwòsàn kékeré yẹn tá a ti lo àádọ́ta ìṣẹ́jú, wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ẹnu ọ̀nà ọsibítù dé ọwọ́ dókítà, wákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú. Gbogbo ẹ̀, wákàtí mẹ́jọ àti ogún ìṣẹ́jú. Ìdajì ẹ̀ ilé wa ni. Èmi tí mo ń bínú sí ọsibítù láti ọ̀sẹ̀ márùn-ún, mo wà nílé níbẹ̀ mo ń ra òróró.

Sístà, ẹ sọ òótọ́ fún mi, ká ní a tètè gbéra ńkọ́?

Sístà_Wọ́ọ̀dù (Mọ́ńdè, 12:03 òru)

Mi ò mọ̀, àbúrò mi, ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé òun mọ̀ ń tan yín ni. Tó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ló dì, oògùn kan wà tó ń yọ́ ọ, àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ fún un láàárín wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ sí ìgbà tí ara ti yẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣe scan. Fún bàbá, aago méje ààbọ̀ ni ilẹ̀kùn yẹn tì, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nílé ni. Oògùn yẹn sì wọ́n gógó, kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Tó bá sì jẹ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ ló bẹ́, oògùn yẹn gan-an ì bá tètè pa wọ́n. Torí náà ẹ má gbé gbogbo ẹ̀ lé orí ara yín. Ohun tí mo mọ̀ ni pé tí ẹ bá tètè dé, wọn ì bá ti mú BP yẹn wálẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọn ì bá wo ṣúgà, wọn ì bá jẹ́ kí ọ̀nà ọ̀fun wọn là.

Fún ẹ̀yin yòókù tó ń kà á, tí ẹ bá fura sí rọpárọsẹ̀: ẹ ní kí onítọ̀hún rẹ́rìn-ín, ẹ wò ó bóyá ẹnu wọ́. Ẹ ní kó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ẹ wo èyí tó ń já bọ́. Ẹ ní kó sọ orúkọ ara rẹ̀. Tí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú mẹ́ta yìí, ẹ gbéra. Ẹ má fi omi, àgbo tàbí òróró sí i lẹ́nu, ó lè gba ọ̀nà èémí lọ. Ẹ kọ aago tó bẹ̀rẹ̀ sára ọwọ́ yín pẹ̀lú bírò. Ẹ pe 112, kí ẹlòmíì sì máa pe ọsibítù kó bi wọ́n bóyá ẹlẹ́rọ scan wà nílẹ̀, kẹ́ ẹ má bàa sáré lọ síbi tẹ́ ẹ ti máa tún sáré kúrò.

Ọlọ́jà_Bísí (12:10 òru)

Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀, màá kà á fún àwọn ìyá lọ́jà láàárọ̀. BP pọ̀ láàárín wa níbẹ̀. Ohun tí mo sọ lórí owó, mo ṣì dúró lé e.

Dírẹ́bà_Ọ̀mùò (12:14 òru)

@ỌmọÌkọ̀lé ẹ fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀. Ìkọ̀lé ò jìnnà sí wa. Kí dírẹ́bà méjì wà lápá ọ̀dọ̀ yín náà tó lè jáde lóru, a ó mú wọn mọ àwọn fijilanté.

ỌmọÌkọ̀lé (12:31 òru)

Màá fi ránṣẹ́ láàárọ̀, ẹ ṣeun gan-an.

Nǹkan kan ló kù. Màmá bi mí lánàá pé ṣé "lọ fẹ̀yìn lélẹ̀" tí òun sọ yẹn ló pa ọkọ òun. Mi ò rí èsì fún wọn. Ṣé kí n fi ìṣirò yìí hàn wọ́n?

Sístà_Wọ́ọ̀dù (12:36 òru)

Rárá o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi hàn wọ́n. Ẹ sọ fún wọn pé dókítà tó dáńtọ́ pàápàá, tí ọwọ́ rẹ̀ bá wúwo lọ́jọ́ oòrùn, á kọ́kọ́ lọ fẹ̀yìn lélẹ̀. Òótọ́ ni, mo ti rí i. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ gbé wọn lọ wọn BP tiwọn náà.

ỌmọÌkọ̀lé (12:44 òru)

Mo ti fa ìwé tí mo kọ ọ́ sí ya. Àmọ́ mo kọ́kọ́ ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi tó ní mọ́tò, wọ́n ní BP tòun náà jẹ́ 170 ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àwọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Aago mẹ́jọ àárọ̀ yìí la jọ ń lọ.